Ọ̀dà Pupa Lára Katakata

Kẹ́.

Ohun tí katakata náà sọ nìyẹn, kò sì fi nǹkan kan kún un. Oyèdòtun yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ejò ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó mi jíà wò bóyá ó wà ní fíríì, ó tún yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́.

"Ó kúkú ń gbọ́ yín," ni Ìbídùnní, ìyàwó rẹ̀, wí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Kò kàn fẹ́ bá yín lọ ni."

Oyèdòtun kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ìjókòó, ó sì tún àmì idẹ tó wà láyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe kó má baà wọ́. Àmì náà tóbi tó ìdérí agolo mílíìkì. "Olùtọ́jú Ohun Àtijọ́" ni wọ́n kọ sí i. Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ ló fi dá a lọ́lá lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, láti ìgbà náà kò sì sí aṣọ kan nínú àpótí rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ àmì yìí ò tíì gún. Ó lè jẹ́ aṣọ tó fi ń sùn nìkan ló yọ, Ìbídùnní pàápàá ò sì lè fi ìyẹn búra.

"Ẹ bọ́ nǹkan yẹn sílẹ̀ kí ẹ tó wọ abẹ́ ẹ̀rọ, Bàbá Ẹniọlá."

"Wọ́n ní kí n máa fi sára nígbàkígbà tí mo bá wà nítòsí katakata."

"Wọ́n tún ní kí ẹ má ṣí i."

Oyèdòtun lọ mú sípánà. Láti òdìkejì ọgbà, ẹ̀rọ ìfami aládùúgbò wọn dá sí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe máa ń ṣe nígbàkígbà tó bá gbọ́ ohùn èèyàn. "Ẹ má fọwọ́ kàn mí," ó wí pẹ̀lú ohùn obìnrin kan tó mọ́ gaara. "Mo ti ránṣẹ́ sí Ilé Ìtọ́jú. Àwọn nìkan ló láṣẹ láti ṣí mi. Ẹ ṣe sùúrù, wọ́n ń bọ̀." Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti ń wí bẹ́ẹ̀. Òjò kejì ti rọ̀ báyìí. Àwọn tó ni ẹ̀rọ náà ti padà sídìí odò, wọn a máa gbé korobá kọjá níwájú rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, òun náà a sì máa kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́.

Katakata Oyèdòtun kò ní ohùn. Wọ́n ti ṣe é kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn. Kékeré ni, kò ga ju àyà ọkùnrin lọ, ẹ̀gbọ́n Oyèdòtun tó ti di olóògbé ló rà á ní àlòkù, òun ló sì fi sílẹ̀ fún àbúrò. Ìdí kan ṣoṣo tí Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ ò fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ wà nínú ìwé tó so kọ́ ara ògiri yàrá àlejò: "Ohun ìwòran ni, kì í ṣe ohun ìlò."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà yìí. Tí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá wọ̀, oko yòówù tí wọn ò bá tíì tú ní Òkè-Apá ti di ilẹ̀ tó sùn. Ilẹ̀ tó sùn ti Ìgbìmọ̀ ni, Ìgbìmọ̀ a sì kó o fún àwọn Gàgàrà, àwọn ẹ̀rọ gíga tí wọ́n fi ń ro gbogbo apá òkè odò. Ẹni tó bá fẹ́ kí Gàgàrà wá tú ilẹ̀ òun fún òun lè tò sórí ìlà. Ìbídùnní ti tò. Nọ́ńbà irínwó ó lé méjìlá ni wọ́n fún un, ogún oko ni Gàgàrà sì ń tú lóòjọ́.

Éékà mẹ́fà ni ilẹ̀ náà. Bàbá Ìbídùnní ló ni ín, Ìbídùnní nìkan ló sì kù láàyè nínú àwọn ọmọ tó bí. Ibẹ̀ ni iṣu wọn ti ń jáde, ibẹ̀ ni ẹ̀gẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí tọkọtaya náà ń jẹ tí kì í ṣe ọlá.

"Wá di gílóòbù yìí mú fún mi," ni Oyèdòtun wí.

Ìbídùnní nu ọwọ́ sára ìró, ó wá. Gílóòbù kékeré kan ni, wáyà méjì ló ń jáde ní ìdí rẹ̀. Wọ́n fi kan orí bátìrì méjèèjì, ó sì tàn gbòò.

"Bátìrì yè," ni Oyèdòtun kéde, bí ẹni tó ń kà á fún kíláàsì. Tíṣà ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀fun rẹ̀ ò sì tíì gbà pé iṣẹ́ ti tán. "Bí bátìrì bá yè, tí ẹ̀rọ ò sì yí, a jẹ́ pé sítátà ló kú. Ọ̀rọ̀ tó ṣe tààrà ni."

Ó fi gbogbo ọ̀sán tú sítátà. Bóòtù méjì péré ló dì í mú, ṣùgbọ́n wọ́n ti kun orí bóòtù méjèèjì lọ́dà débi pé sípánà ò rí ibi gbá mú, ó sì ní láti fi àkísà wé ẹnu sípánà náà kó má baà ha ọ̀dà. Nígbà tó já a sílẹ̀ tán, ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi wáyà so ó mọ́ bátìrì ní tààrà. Sítátà ta kìjí, ó ń yí bí òkòtó.

Wọ́n jọ wò ó. Oyèdòtun dá a padà síbi tó ti yọ ọ́, ó di bóòtù, ó gun orí ìjókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Kẹ́.

"Bátìrì yè," ni Ìbídùnní wí. "Sítátà yè. Tí wọ́n bá ti pàdé ara wọn nìkan ni wọn kì í lè ṣe nǹkan kan. Mo mọ tọkọtaya kan tó rí bẹ́ẹ̀."

"Ìbídùn, iṣẹ́ onímọ̀ là ń ṣe níbí."

"Mo gbọ́. Ìgbà wo ló ṣiṣẹ́ kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ tí wọ́n wá gbé e lọ síbi Àjọ̀dún Ohun Àtijọ́. Èmi fúnra mi ni mo wà á gun orí ọkọ̀."

"Nígbà tí wọ́n gbé e dé ńkọ́?"

"Wọ́n tì í sọ̀ kalẹ̀ ni."

Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ àjọ̀dún náà gan-an ni katakata ti kọ̀ tí kò dáhùn mọ́, níwájú gbogbo èèyàn. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta láti Ilé Ìtọ́jú bọ́ síta pẹ̀lú aṣọ funfun, wọ́n fi ẹ̀rọ tó mọ́lẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò níhìn-ín lọ́hùn-ún, wọ́n sì kọ̀wé pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti dì pa, pé kò sí ọmọ èèyàn tó lè jí i mọ́. Nígbà tí wọ́n ka ìwé náà sétígbọ̀ọ́ àwùjọ, orí àga iwájú ni Oyèdòtun wà, àmì tuntun ń kọ mọ̀nà láyà rẹ̀, òun náà sì pàtẹ́wọ́.

"Kí ni wọ́n ṣe fún un nígbà tó wà lọ́dọ̀ wọn?" ni Ìbídùnní bi í.

"Kí ni wọn ì bá tún ṣe? Wọ́n kùn ún lọ́dà ni. Àbí o ò rí i ni?"

Kò sí ẹni tí kò ní í rí i. Pupa ni, pupa tó ń dán bí ètè ìyàwó tuntun. Wọ́n kun ẹ́ńjìnnì, wọ́n kun abẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n kun bóòtù kọ̀ọ̀kan. Táyà àti ìjókòó nìkan ló yọ.

Ìbídùnní tẹ̀ síwájú, ó gbé ọwọ́ lé wáyà pupa tó jáde lára bátìrì. "Ẹ yí i."

Kẹ́.

"Tútù lèyí." Ó mú wáyà dúdú. "Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan sí i." Ọwọ́ rẹ̀ tọ wáyà náà lọ, díẹ̀díẹ̀, títí dé ìsàlẹ̀ lábẹ́ ibi tí bátìrì jókòó sí, níbi tí bóòtù kan ti dì í mọ́ ara irin. Kẹ́. Ó yọ ọwọ́ kíá. "Ẹ wá fọwọ́ kan ibí. Ó ń jóni."

Oyèdòtun sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ohùn kíláàsì padà sí i lẹ́nu.

"Ohun tí mo ti ń fura sí gan-an nìyẹn," ó wí.

Ìbídùnní wò ó, ó lọ wo ìkòkò tó gbé kaná.

Nígbà tó fi máa padà, ọkọ rẹ̀ ti tú bóòtù náà. Lábẹ́ orí wáyà, níbi tó yẹ kí irin kan irin, ọ̀dà pupa ló wà níbẹ̀, ó tẹ́jú, ó ń dán. Àwọn akunlé Ìgbìmọ̀ ti tú wáyà kúrò kí wọ́n lè kun abẹ́ rẹ̀ dáadáa, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó má baà sí ibi tí ojú ti máa rí irin tó dógùn-ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá wáyà padà sórí ọ̀dà. Iná tó bá jáde nínú bátìrì gbọ́dọ̀ gba ara irin àti wáyà dúdú padà sílé, ọ̀dà ò sì ní í jẹ́ kó kọjá. Ìwọ̀nba tó ń rí ọ̀nà jò gba ibẹ̀ ò ju èyí tó lè wí "kẹ́" lọ.

"Kò dì pa," ni Oyèdòtun wí. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Àwọn onímọ̀ mẹ́ta. Ọ̀dà. Ọ̀dà tiwọn."

"Ẹ ha á kúrò."

Ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́. Ọ̀dà Ìgbìmọ̀ kì í ṣe ọ̀dà lásán. Bí nǹkan kan bá ha á, yóò funfun yíká ojú ibẹ̀, funfun náà kì í sì í parẹ́, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ẹnì kan ti fọwọ́ kan ohun ìwòran. Ẹni tí wọ́n bá rí ojú funfun lára ohun àtijọ́ rẹ̀, wọ́n á gba àmì, wọ́n á gba àga iwájú, wọ́n á sì yọ orúkọ rẹ̀ lára pátákó ẹnu géètì ọgbà Ìgbìmọ̀.

"Abẹ́ bátìrì ni," ni Ìbídùnní wí. "Ta ló máa wo abẹ́ bátìrì?"

"Èmi á mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin náà kẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé ẹ ti jẹ ẹran tó wà nísàlẹ̀ ọbẹ̀, tí ẹ tún ń bi mí pé ta ló jẹ ẹ́."

"Ọ̀rọ̀ ọlá là ń sọ, Ìbídùn. Ogójì ọdún ni mo fi ń jókòó sẹ́yìn ní ìlú yìí."

Ìbídùnní lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè. "Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn yẹn náà ni mo jókòó sí pẹ̀lú yín. Àmọ́ ilẹ̀ bàbá mi ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá Ẹniọlá. Mi ò ní ilẹ̀ mìíràn. Mi ò ní bàbá mìíràn."

Oyèdòtun bọ́ àmì náà, ó fi í sápò. Ó ha ọ̀dà. Funfun náà yọ lójú ẹsẹ̀, ó rí rondo bí ojú ẹja tó ti kú. Ó ha á títí irin fi yọ lábẹ́ rẹ̀, ó fi sáńpépà gbo ó, ó fi wáyà lé e, ó di bóòtù.

Nígbà tó yí kọ́kọ́rọ́, katakata náà húkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó sì bú ramúramù. Láti òdìkejì ọgbà, ẹ̀rọ ìfami wí pé kí wọ́n ṣe sùúrù, wọ́n ń bọ̀.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tú ilẹ̀ náà. Ìkùukùu bo ojú ọ̀run láti Ọjọ́rú, Ojú Òkè tí Ìgbìmọ̀ gbé sójú sánmà láti máa ṣọ́ oko kò sì lè rí nǹkan kan nínú ìkùukùu. Oyèdòtun túlẹ̀ bí ẹni tó ń fa ìlà sójú ìwé. Ó ń padà síbi tó ti wọ́ kékeré, ó ń tún un ṣe, títí Ìbídùnní fi ní kó rántí pé ẹnikẹ́ni ò ní í wá kọ máàkì sílẹ̀. Ìbídùnní àti ìbátan rẹ̀ méjì ló fi ọkọ́ kọ ebè sí gbogbo etí ọ̀nà, ìlà mẹ́rin tó nípọn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dúró lójú ọ̀nà á rò pé ọkọ́ ló ro gbogbo rẹ̀. Òfin ò ní nǹkan kan lòdì sí ọkọ́. Ilẹ̀ tí ọwọ́ èèyàn tú, ilẹ̀ tó jí ni. Ilẹ̀ tí ẹ̀rọ tí kò láṣẹ tú, wọ́n ò kà á sí títú.

"Ọkọ́," ni Ìbídùnní wí fún un lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tó ń de bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀. "Gbólóhùn kan. Ẹ má ṣàlàyé."

"Ta ló fẹ́ ṣàlàyé?"

Ó ti fi àmì rẹ̀ sáyà padà.

Mojírayọ̀ ni orúkọ ọmọbìnrin tí Ìgbìmọ̀ rán wá yẹ oko náà wò. Oyèdòtun ló kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin, ọmọbìnrin náà sì kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì nínú ẹrẹ̀ láìwo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Wàláà dúdú kan wà lábẹ́ apá rẹ̀, pẹlẹbẹ, kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀ àfi gílóòbù kan bí ojú ẹyẹ.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ kú làálàá, mà." Ó wo ìlà ebè mẹ́rin náà. Ó wo ọwọ́ Ìbídùnní, ó wo ọwọ́ Oyèdòtun. Kò gbé ẹsẹ̀ kọjá etí ọ̀nà. "Ẹ̀yin méjèèjì ṣiṣẹ́ o. Ọkọ́ nìkan ló lè kọ irú ebè báyìí."

"Ọkọ́ ni, ọmọ mi," ni Ìbídùnní wí.

"Mo rí i, mà. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé kí n tó tàn án. Tí iná aláwọ̀ ewé yìí bá ti tàn, ohunkóhun tí ẹ bá sọ ti wọlé nìyẹn. Èmi gan-an ò lè pa á rẹ́. Kò nífẹ̀ẹ́ sí ọ̀rọ̀ gígùn, sà. Ẹ kàn dá a lóhùn ṣókí."

Ó tẹ̀ ẹ́. Iná ewé tàn.

"Kí ni wọ́n fi tú ilẹ̀ yìí?" ni wàláà bèèrè.

"Ọkọ́," ni Ìbídùnní wí.

"Mo ti gbọ́. Ẹlẹ́rìí kejì."

"Ọkọ́," ni Oyèdòtun wí, ó sì di ẹnu rẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó gbé oògùn kíkorò mì.

Mojírayọ̀ mí kanlẹ̀. Ìka rẹ̀ ti ń lọ síbi tí yóò ti pa iná náà nígbà tí wàláà tún sọ̀rọ̀.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Katakata ìwòran kan wà ní agboolé yìí. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta jẹ́rìí sí i pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti dì pa, pé kò sí ọmọ èèyàn tó lè jí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì wà? Kí Olùtọ́jú dáhùn."

Afẹ́fẹ́ kan fẹ́ wá láti inú oko, ó ń run ilẹ̀ tútù.

"Bẹ́ẹ̀ ni ni kí ẹ wí, sà," ni Mojírayọ̀ wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Ìbídùnní húkọ́.

Oyèdòtun la ẹnu. Ẹni tó bá wo ojú rẹ̀ nígbà náà á rí i pé ó gbìyànjú. Ó bẹ̀rẹ̀ "bẹ́", ó sì dúró lé e.

"Kò dì pa," ó wí.

"Bàbá Ẹniọlá."

"Ṣe ni kí n gbà pé ó dì pa? Ẹ́ńjìnnì tó dì pa, ṣé orí wáyà kan ṣoṣo ló máa jóni lọ́wọ́? Ọmọ kíláàsì kẹrin ò ní í kọ irú ìyẹn sílẹ̀. Ìwọ Mojírayọ̀, o rántí bí mo ṣe kọ́ yín pé kí ẹ wo nǹkan kí ẹ tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀."

"Mo rántí, sà," ni Mojírayọ̀ wí. Ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo wàláà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iná ewé ń yọ láàárín ìka rẹ̀.

"Wáyà dúdú ni. Ọ̀dà ni wọ́n kùn sábẹ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta, pẹ̀lú aṣọ funfun, wọn ò rí i."

"Ta ló rí i?" ni wàláà bèèrè.

"Èmi ni."

Ìbídùnní yí ojú sí i.

"Ta ló ṣí i, tó sì tún un ṣe?"

"Èmi náà ni. Èmi nìkan." Ó nàgà, ó tọ́ka sí ẹ̀yìn ìlà ebè mẹ́rin náà, níbi tí ilẹ̀ tí a tú ti tẹ́ lọ salalu títí dé ìdí igi emi. "Ẹ rìn wọ inú lọ kí ẹ rí i. Ẹ wá ibi tó ti wọ́ níbẹ̀."

Wàláà ò ní ẹsẹ̀ tó lè fi rìn. "Mo ti gbọ́," ó wí. "Ilẹ̀ tó sùn." Iná ewé kú.

Mojírayọ̀ dúró bẹ́ẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì wà lójú wàláà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Ìbídùnní nìkan ló dojú kọ.

"Ẹ má bínú sí mi, mà."

"Mi ò bínú sí ọ, ọmọ mi. Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

"Láàárọ̀ ọ̀la. Gàgàrà kan ni. Kò ní í pẹ́ níbí, mà, nítorí kò tún ní ilẹ̀ kankan láti tú. Á kàn gbìn ín ni."

Ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nínú ẹrẹ̀, ó dìde, ó lọ. Tọkọtaya náà dúró létí ọ̀nà. Oòrùn ti yọ kúrò nínú ìkùukùu, ó tàn sórí poro oko náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gún gbọọrọ, bákan náà ni gbogbo wọn jìnnà síra. Oyèdòtun wò wọ́n títí. Ojú rẹ̀ ti fà ro, ṣùgbọ́n kò lè gbé e kúrò lára wọn.

"Ó kéré tán," ó wí nígbẹ̀yìn, "tí wọ́n bá dé lọ́la, wọ́n á rí i pé ẹni tó tú ilẹ̀ yìí mọṣẹ́."

Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀, ó mú ọkọ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ padà sínú oko.

"Ta ni 'wọ́n'?" ó bi í. "Kò sí ẹnì kankan lórí ẹ̀rọ yẹn."